Ọkọ̀ asáré àtijọ́ tí epo kò dé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́: ṣé kí a pààrọ̀ pọ́ǹpù ni?

Ìbéèrè láti Aṣéró

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní Porsche 944 ti ọdún 1984, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó gbé ní Jámánì ló fi sílẹ̀ fún mi. Ó lo ọdún kan àti ààbọ̀ lábẹ́ ìbòrí kí n tó gbé e jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń gun òkè lọ sí Òkè-Ìlẹ̀wọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Mẹkáníìkì kan ní pọ́ǹpù epo ló ti kú, pé kí n mú owó wá kí òun yọ ọ́ dànù, kí òun sì gbé ti Camry sínú táǹkì. Mẹkáníìkì kejì ní kò sí ohun tó ṣe pọ́ǹpù, pé wáyà ni. Ó ti sú mi, mo sì ń rò ó pé kí n kúkú ra pọ́ǹpù tuntun kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́?

* * *

Èsì mi

Ẹ kú wàhálà. Ẹ má tíì ra pọ́ǹpù kankan. Mi ò lè mọ ohun tó ṣe ọkọ̀ yín láti ibi tí mo jókòó sí ní Ìbarà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹkáníìkì méjèèjì ti fi mítà kan ohunkóhun. Wọ́n gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ń yí tí kò dáhùn, wọ́n sì dá ẹjọ́.

Porsche 944, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1982 títí di 1991, kò rí bí Corolla àti Camry tó kún ìgboro wa. Pọ́ǹpù tó ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnnì rẹ kò sí nínú táǹkì. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n so ó mọ́ lẹ́yìn, nítòsí táǹkì, òun àti filítà epo. Bí ẹ bá sì kàn yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ kò tíì ṣáná, pọ́ǹpù náà kò ní dún, nítorí pé kọ̀ǹpútà Bosch tó ń darí epo àti iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yí kí ó tó jẹ́ kí relay, ìyẹn àpótí kékeré tó ń ṣí iná tó sì ń tì í, fi iná ránṣẹ́ sí pọ́ǹpù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ rẹwáyà wa ti ń ṣìnà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, a máa ń gbọ́ ìró pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan bí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á tẹ́tí sí ti 944 bẹ́ẹ̀, wọn kò ní gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á ní ó ti kú.

Mo ti san owó ẹ̀kọ́ yìí. Ọkọ̀ tèmi, ti ọdún 1986, kú lórí afárá Láfẹ́ńwá ní ọ̀sán gangan. Wọ́n fà mí dé ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì kan, wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù, ọkọ̀ dáhùn, mo dúpẹ́, mo lọ. Ní ọjọ́ kẹta ó tún kú ní ọ̀sán. Wọ́n ní ayédèrú ni pọ́ǹpù tí mo rà, mo tún ra òmíràn, ó tún ṣe bákan náà. Rẹwáyà àgbàlagbà kan ló gbà mí. Ó yọ relay tó ń fún kọ̀ǹpútà àti pọ́ǹpù ní iná, ó fi ìdí ìdẹsùkúrù tín-ín-rín ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbé e sí oòrùn, ó ní kí n wò ó. Ní ìdí ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí òjé ti so ó mọ́ pátákó kékeré inú rẹ̀, ìlà dúdú kan yí i po, tó tín-ín-rín bí irun orí. Nígbà tó fi èékánná kan ẹsẹ̀ náà, mo rí i tó ń mì nínú òjé tó yẹ kó dì í mú ṣinṣin. Bí ọkọ̀ bá gbóná, ojú òjé náà á yà. Bí ó bá tutù, á tún fara kan ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ mi fi ń jí ní àárọ̀ tó sì ń kú ní ọ̀sán, tí pọ́ǹpù dáadáa méjì fi wà nílẹ̀ nínú ilé mi lásán.

* * *

Èsì mi, lẹ́yìn tí mo ka ohun tí ẹ̀yin yòókù kọ

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti sọ pé gbogbo 944 tó bá kú lójijì, relay náà ni. Mo mọ ìdí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àbùkù yìí wọ́pọ̀ débi pé àwọn tó ní ọkọ̀ yìí káàkiri ayé máa ń gbé relay kejì sínú ọkọ̀ wọn bí ẹni gbé táyà àfikún. Síbẹ̀, mi ò gbà pé kí a sọ fún arákùnrin yìí pé kí ó lọ ra relay kí ó parí. Ìdájọ́ láìsí ìdánwò náà nìyẹn, orúkọ nǹkan tí a ní kó rà ló kàn yàtọ̀.

Ìdánwò kò gba ju wákàtí kan lọ, kò sì gba ju mítà rẹwáyà, wáyà kan àti géèjì kan tó ń wọn agbára epo lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ní kí ẹnìkan ṣáná kí ẹ sì máa wo ọwọ́ ago tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọwọ́ náà bá ń mì díẹ̀, kọ̀ǹpútà ń rí ìyípo. Bí ó bá dúró lórí òdo gbọn-in, ẹ fura sí àwọn sẹ́ńsọ̀ méjì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì lókè ibi tí kúlọ́ọ̀ṣì wà. Bí sẹ́ńsọ̀ wọ̀nyẹn bá kú, pọ́ǹpù kò ní ṣiṣẹ́, púlọ́ọ̀gì náà kò ní tanná, pọ́ǹpù tuntun mẹ́wàá kò sì ní yí nǹkan kan padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ relay kúrò nínú àpótí fíúùsì. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ìdí rẹ̀, ẹ ó sì fi mọ ihò tó bá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mu: 30 ni iná ti ń wọlé láti ara bátìrì, 87b ni ó ti ń jáde lọ sí pọ́ǹpù. Ẹ fi wáyà tó nípọn, tí fíúùsì wà lára rẹ̀, so ihò 30 mọ́ ihò 87b. Bí pọ́ǹpù bá dún, tí ìró rẹ̀ sì dúró lójú kan, ó yè, relay tàbí ohun tó ń pàṣẹ fún un ni ẹ óò wá lọ. Bí kò bá dún, ẹ má dájọ́ síbẹ̀. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ fi mítà kan ìdè méjèèjì tó wà lórí pọ́ǹpù nígbà tí wáyà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Bí mítà bá ka fóòtì 12 (fóòtì ni a fi ń wọn agbára iná) tí pọ́ǹpù kò sì mira, ó ti kú lóòótọ́, ẹ sin ín. Bí mítà bá ka 7 tàbí 8, tàbí tí kò ka nǹkan kan, ebi ló ń pa pọ́ǹpù: fíúùsì, wáyà, tàbí ìdè ayé, ìyẹn ibi tí iná ti ń padà sí ara ọkọ̀, tó ti dógùn-ún.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra níbi géèjì. Ní iwájú páìpù tó ń pín epo fún àwọn ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, nọ́ọ̀tì kan wà tó dé ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ óò so géèjì mọ́. Bọ́ọ̀lù irin kékeré kan, tí kò tó hóró ẹ̀wà, wà nínú nọ́ọ̀tì náà, òun ló ń dí epo. Bí ẹ bá tú u, bọ́ọ̀lù yìí á já bọ́ sáàárín ẹ́ńjìnnì, ẹ óò sì wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi sípánà kàn án. Nínú ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 ti ọdún yín, bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì kò sì yí, géèjì yẹ kí ó ka bar 2.5, ìyẹn nǹkan bí psi 36 (bar àti psi ni a fi ń wọn agbára epo). Ẹ ka ohun tí ó kà, kí ẹ wá sọ fún wa.

* * *

Lórí pọ́ǹpù Camry

Ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó ń gbè sẹ́yìn mẹkáníìkì àkọ́kọ́ lóhùn, nítorí pé ẹ pọ̀, ọ̀rọ̀ yín kò sì ṣófo. Ẹ ní pọ́ǹpù Camry wà ní gbogbo ìsọ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí mẹkáníìkì ní Abẹ́òkúta tí kò lè tún un ṣe bí ó bá kú lójú ọ̀nà Ṣágámù lóru. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ ní òun ti ń gun ọkọ̀ asáré Jámánì mìíràn pẹ̀lú pọ́ǹpù Toyota fún ọdún mẹ́ta.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó takò yín sọ ni pé pọ́ǹpù Camry kò lágbára tó. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn. Régúlétọ̀ tó wà lórí ẹ́ńjìnnì ló ń pinnu agbára epo, ó sì ń dá epo tó bá ṣẹ́kù padà sínú táǹkì. Pọ́ǹpù Camry tó yè kooro lè bọ́ ẹ́ńjìnnì lítà 2.5. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni táǹkì. Wọ́n ṣe pọ́ǹpù Camry láti jókòó sínú epo, nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún un, tí ó ní ìdérí, rọ́bà ìdíwọ́ àti ojú àbáwọlé fún wáyà. Kò sí ilé bẹ́ẹ̀ nínú táǹkì 944. Kí ó tó lè wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ gé táǹkì ní ihò, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i, kí wọ́n sì ti wáyà iná wọ inú epo bẹntiróòlù láti ojú ihò tí ẹnì kan fi ọwọ́ gbẹ́. Lẹ́yìn ìjókòó ni táǹkì náà wà. Mo ti wọ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, òórùn epo kò jẹ́ kí a lè gbé gíláàsì sókè láti Kútọ̀ dé Ọbáńtokò, ọmọ kékeré sì wà lẹ́yìn. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni ní irú ìmọ̀ràn yẹn.

Ẹni tí kò bá rí ti 944 gan-an rà lè wá pọ́ǹpù Bosch alábẹ́-ọkọ̀ ti irú ọkọ̀ mìíràn tí ìwọ̀n agbára rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, tí a ó so sí ibi tí ti àtijọ́ wà. Ẹ kàn má lọ gbé èyí tó lágbára ní ìlọ́po méjì wá, torí pé bí epo tó ń padà bá ju ohun tí páìpù ìpadàbọ̀ lè gbà lọ, agbára epo á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ́ńjìnnì á máa jẹ epo yó, èéfín dúdú á sì máa tẹ̀ lé yín.

* * *

Lórí ibi tí a ti ń rà á

Màmá kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ kọ̀wé pé kí a ra tòkunbọ̀, pé tòkunbọ̀ tí Bosch ṣe sàn ju tuntun tí a kò mọ ẹni tó ṣe é. Mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí wọn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ fún gíábọ́ọ̀sì, fún ìlẹ̀kùn, fún iná iwájú. Ti pọ́ǹpù epo yàtọ̀. Epo tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń tù ú, òun náà ló ń fún un ní òróró. Pọ́ǹpù tí wọ́n yọ ní Yúróòpù, tí ó gbẹ nínú kọ̀ǹténà fún oṣù mélòó kan, inú rẹ̀ lè ti dógùn-ún kí ó tó dé ọjà Ládípọ̀ ní Èkó.

Ẹ tún jẹ́ kí a dẹ́kun bí a ṣe ń dán an wò ní ìsọ̀. Ọmọ ìsọ̀ á fi wáyà méjì kan bátìrì, pọ́ǹpù á ké "wíín", oníbàárà á sanwó. Igbe yẹn kò sọ ohunkóhun nípa agbára tó fi ń ti epo, gbígbẹ tó sì ń ṣiṣẹ́ ń jẹ ẹ́ lára. Àwọn kan nínú yín ní àwọn máa ń rì í bọ inú abọ́ bẹntiróòlù kí àwọn tó fi iná kàn án. Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má ṣe é mọ́. Iná tó ń ta pàrà ní ẹnu wáyà àti abọ́ epo tó ṣí sílẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá kan náà. Ẹ ra tuntun lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbà á padà, kí ẹ dán an wò lára ọkọ̀.

* * *

Àbọ̀ láti Aṣéró

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. Ọwọ́ ago ń mì nígbà tí a ń ṣáná. Nígbà tí mo so 30 mọ́ 87b, pọ́ǹpù dún, ṣùgbọ́n ó ń lọgun bí ẹ̀rọ ìlọta. Mítà ka fóòtì 9.4 lórí rẹ̀, géèjì sì ka bar 1.6. Mo ra relay tuntun, ọkọ̀ dáhùn, mo sì gùn ún dé Pánsẹ́kẹ́. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà lórí òkè, bí ẹni tí èémí ń tán lára rẹ̀. Lítà márùn-ún péré ni mo rà sínú rẹ̀, mo kò fẹ́ fi owó ṣòfò sórí ọkọ̀ tí kò dá mi lójú. Ṣé kí n ra pọ́ǹpù báyìí?

* * *

Èsì mi

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọ̀rọ̀ ti ń lójú, ṣùgbọ́n kò tíì tó àkókò láti ra pọ́ǹpù.

Fóòtì 9.4 kò dára. Ẹ tú ìdè ayé pọ́ǹpù náà, ẹ fi sáńpépà nù ún títí yóò fi dán, kí ẹ sì yẹ ẹnu wáyà tó ń gbé iná bọ̀ wò bóyá ó ti yí padà di aláwọ̀ ewé. Ẹ tún un wọ̀n.

Lítà márùn-ún náà ń pọ́n ọkọ̀ yín lójú. Orí àpáta ni wọ́n tẹ ìlú wa dó, kò sí òpópónà méjì tó dọ́gba. Bí epo kò bá ju ìsàlẹ̀ táǹkì lọ, tí ẹ gun òkè, epo á sá kúrò ní ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fà á, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbé mì, ooru á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ìdọ̀tí tó ti sùn sí ìsàlẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀ ni yóò sì máa fà pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan fò sókè láàárín òru kan, ọ̀pọ̀ wa ló ń ra epo díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀ pọ́ǹpù ló ń san ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí epo máa wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì ó kéré tán.

Ẹnìkan béèrè bóyá epo burúkú ni. Ó ṣeé ṣe. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol (irú ọtí kẹ́míkà kan) rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí ìjọba ní kí wọ́n kó o kúrò ní ọjà. Methanol máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń jẹ irin àti àwọn rọ́bà kan tí wọn kò ṣe fún un. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi pààrọ̀ pọ́ǹpù ní àsìkò náà. Fún ọkọ̀ yín, epo tó darúgbó nínú táǹkì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ tú asẹ́ tó wà ní ẹnu ibi tí epo ti ń jáde nísàlẹ̀ táǹkì, kí ẹ sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ti tèmi nígbà náà ti bo pátápátá, ohun kan tó pupa bí oyin àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọ̀dà.

Ẹ pààrọ̀ filítà epo pẹ̀lú. Kò yẹ kí a máa jiyàn lórí ìyẹn.

* * *

Àbọ̀ kejì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìdè ayé náà ti dógùn-ún lóòótọ́. Nísinsìnyí mítà ń ka 11.9. Asẹ́ náà dí gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí, mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ filítà, mo sì da epo lítà ogún sí i. Géèjì ka bar 2.4 ní àárọ̀ nígbà tí ọkọ̀ tutù. Lẹ́yìn tí mo gùn ún fún ogójì ìṣẹ́jú, ó já sí 1.9, ariwo náà sì pọ̀ sí i. Bí mo bá sì pa iná pọ́ǹpù, ọwọ́ géèjì á já sí òdo lójú ẹsẹ̀.

* * *

Èsì mi

Ó tó gẹ́ẹ́. Pọ́ǹpù yín ti gbó. Ẹ lọ ra á.

Iná tó péye ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà epo mọ́, síbẹ̀ agbára rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń gbóná. Ọwọ́ géèjì tó ń já lójú ẹsẹ̀ sì lè jẹ́ àmì pé fáàfù tó wà ní ẹnu pọ́ǹpù, tó yẹ kí ó dá epo dúró nínú páìpù lẹ́yìn tí a bá pa ọkọ̀, kò dí mọ́. Régúlétọ̀ tàbí ínjẹ́tọ̀ tó ń jò lè fa ìyẹn náà, nítorí náà, ẹ ra fáàfù tuntun mọ́ pọ́ǹpù, kí ẹ sì tún un wò lẹ́yìn náà. Mẹkáníìkì kìíní lè sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, pọ́ǹpù tuntun ìbá wà lórí relay tó ti kú, lórí fóòtì 9 àti lẹ́yìn asẹ́ tó dí, kò sì ní pẹ́ kó tó tẹ̀ lé ti àtijọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe é ní àárọ̀ tí ọkọ̀ tutù, ní ìta gbangba. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí, kí jẹnẹrétọ̀ má ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gbé ohun ìpaná sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ tú bátìrì sílẹ̀ kí ẹ tó wọ abẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, ẹ fi ìdúró irin gbé ọkọ̀ náà ró. Ẹ wọ ohun ìdáàbòbò ojú, nítorí pé epo máa ń tú jáde nígbà tí ẹ bá dẹ nọ́ọ̀tì kìíní, apá ni ó sì máa ń gbà ṣàn lọ sí abíyá.

Sípánà méjì ni kí ẹ lò lórí gbogbo ojú ìsopọ̀: ọ̀kan di pọ́ǹpù mú, èkejì tú nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá lo ẹyọ kan yóò lọ́ páìpù irin náà, wàhálà mìíràn nìyẹn. Wásà tuntun ni kí ẹ fi sí gbogbo ibi tí ẹ bá ti bá wásà. Ti àtijọ́ ti tẹ́, kì í dí epo lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ya àwòrán wáyà méjèèjì kí ẹ tó tú wọn. Nínú ọkọ̀ tèmi, ìwọ̀n ìdè rere àti ti ayé kò dọ́gba, kò sì ṣeé gbé wọn pààrọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí pọ́ǹpù tí ẹnì kan fi agbára so lódìkejì. Rọ́bà epo tó bá le, tó sì ń dá nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ oní-ínjẹ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ń ta fún kábúrétọ̀ kò lè gba agbára epo yìí.

Bí ẹ bá parí, ẹ so bátìrì padà, ẹ fi wáyà so 30 mọ́ 87b kí ẹ́ńjìnnì tó yí, kí ẹ sì lo ìṣẹ́jú márùn-ún lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi bébà gbígbẹ nu ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú lè má rí ọ̀rinrin kékeré, bébà á fi í hàn. Ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbóná tó sì ti tutù, nítorí pé ìgbà náà ni wásà tí kò jókòó dáadáa máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Kí ẹ tó gbé e lọ sí Èkó, ẹ gùn ún lọ sí Ọ̀dẹdà kí ẹ sì padà, kí táǹkì wà ní ààbọ̀, kí relay kejì wà nínú àpótí iwájú, kí ẹ sì kọ ohun tí géèjì bá kà nígbà tí ẹ bá dé ránṣẹ́ sí wa.